Hogan Bassey: Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó gba bẹ́líìtì àgbáyé, tó tún padà wálé wá kọ́ ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́

Ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 1959, ni ìjà náà wáyé ní Los Angeles, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ja abala mẹ́wàá, aago fẹ́ lù fún ìkọkànlá, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó jókòó sórí àpótí ní igun tirẹ̀ kò dìde mọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù márùn-ún tí Davey Moore, akànṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, yóò lù ú débi tí kò fi ní lè parí abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pàdé. Ẹni ọdún 27 péré ni ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn, Hogan Bassey kò tún wọ agbo ìjà láti jà gbowó mọ́ títí tó fi kú.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa ìtàn rẹ̀ tì sí. Wọn yóò ní òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, wọn yóò dárúkọ ìlú Paris àti ọdún 1957, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀, bẹ́líìtì yẹn kò pé ọdún méjì lọ́wọ́ Bassey. Ọdún 38 ló sì tún lò láyé lẹ́yìn tó bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Inú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni Nàìjíríà ti rí èrè tó pọ̀ jù lára rẹ̀, àwọn gan-an sì ni ìtàn kì í fẹ́ dúró tì.

Okon Bassey Asuquo ni orúkọ rẹ̀ láti ilé. Ọmọ Ẹfik ni, Calabar ni wọ́n sì ti bí i ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 1932. Ṣùgbọ́n Èkó ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ọmọdé ló wà tó fi dé ìlú yìí, ibí ló ti lọ sílé ìwé, ibí náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́.

Èkó ayé ìgbà náà kì í ṣe Èkó tí a mọ̀ lónìí. Ọ̀ṣòdì àti Ìsọlọ̀ ṣì jẹ́ abúlé tí igbó àti oko yí ká. Ẹni tó bá ní òun ń gbé ìgboro, Erékùṣù Èkó ló ń sọ, tàbí Ẹ̀búté-Mẹ́ta àti Yábàá. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àwọn tó lọ sójú ogun ń padà bọ̀, ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ léraléra, iṣẹ́ rélùwéè ń kó ọ̀dọ́ jọ láti ilẹ̀ gbogbo. Láàárín àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ìjà ẹ̀ṣẹ́ ti gbilẹ̀. Ìjàkadì ni Yorùbá mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn Haúsá ní dambe tiwọn, ṣùgbọ́n ìjà tí wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ jà, tó ní rẹfirí, tó ní aago, tí wọ́n á kọ́kọ́ wọn èèyàn lórí ìwọ̀n kí wọ́n tó jẹ́ kó jà, ọwọ́ àwọn òyìnbó ló ti wá. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú fi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kékeré ni Okon, kì í ṣe ti ọjọ́ orí nìkan. Nígbà tó dàgbà tán pàápàá, gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá a jà ló ga jù ú, tí apá wọn sì gùn ju tirẹ̀. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, àléébù ńlá lèyí, nítorí ẹni tí apá rẹ̀ gùn lè dúró lókèèrè kó máa fi ẹ̀ṣẹ́ òsì gún ọ lójú ṣáá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà fún ẹni kúkúrú ni kó kọ́ bí yóò ṣe máa bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kọjá, kó sún mọ́ ọ̀tá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ní ìhà àti níkùn. Ohun tí Bassey kọ́ nìyẹn, òun náà ló sì gbé e dé gbogbo ibi tó dé. Ẹ̀ṣẹ́ òsì rẹ̀ tó máa ń fì wọlé láti ẹ̀gbẹ́ lágbára ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ.

Ọdún 1949, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ìwé, ó ti di ọ̀gá ní gbogbo Nàìjíríà láàárín àwọn akànṣẹ́ flyweight, ìyẹn àwọn tí ìwọ̀n wọn kì í ju páùn 112 lọ. Ẹni ọdún 17 ni. Kò pẹ́ tó tún fi gòkè sí bantamweight, tí í ṣe páùn 118, tó sì di ọ̀gá níbẹ̀ náà. Nígbà tó máa fi di ẹni ogún ọdún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó kù tó lè bá a jà nílé tí ìjà ọ̀hún máa mú owó gidi wá.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ló lé e kúrò nílé. Owó tí wọ́n ń san fún akànṣẹ́ l'Ékòó kò tó gbọ́ bùkátà. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1951 yẹn náà, Roy Ankrah, ọmọ Gold Coast tí a ń pè ní Ghana báyìí, lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba bẹ́líìtì àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìsọ̀rí featherweight, ìyẹn páùn 126. Ohun tí ọmọ Gold Coast ṣe, ọmọ Èkó náà lè ṣe é. Ní ìparí ọdún 1951, Bassey wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Liverpool.

Ẹni tó bá mọ ìtàn òkun kò ní í béèrè ìdí tó fi jẹ́ Liverpool. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Elder Dempster tó ń ná Èkó ti máa ń gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí, àwọn ọmọ Áfríkà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ sì ti ń gbé ìlú náà ṣáájú kí wọ́n tó bí Bassey. Ẹni tó gbà á sọ́dọ̀ ni Peter Banasko, ọmọ Liverpool tí bàbá rẹ̀ wá láti Gold Coast, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí. Banasko yìí di máníjà fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà tó wá jẹun lẹ́nu ẹ̀ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jà nígbà náà yàtọ̀ sí tòde òní tí akànṣẹ́ lè ja ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún. Ẹni tí kò bá jà lóṣù kò ní rí owó ilé san. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Bassey ja ìjà olówó láyé rẹ̀, kò sì tíì pé ẹni ọdún 28 tó fi parí gbogbo rẹ̀. Ó borí nínú mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó pàdánù mẹ́tàlá, méjì sì parí sí ọ̀mì.

Ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 1955, ló lọ sí Belfast lọ pàdé Billy Kelly tí wọ́n ń pè ní Spider, ní àárín ọ̀pọ̀ èrò ọmọ ìlú Kelly tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ń gbàdúrà fún àlejò. Abala kẹjọ ni Kelly ṣubú tí kò dìde. Bẹ́líìtì tí Roy Ankrah gbà lọ́jọ́ kìíní àná wá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọdún yẹn gan-an ni ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Dick Tiger, dé sí Liverpool náà láti wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ìgbà yìí ni George Biddles gba iṣẹ́ máníjà Bassey lọ́wọ́ Banasko, ẹni tó ti bá a jẹ ìyà ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe rí: ẹni tó gbin ọkà lè má wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957, Sandy Saddler, ọmọ Amẹ́ríkà tó di bẹ́líìtì featherweight àgbáyé mú, fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé jàǹbá ọkọ̀ ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bẹ́líìtì wà láìní olówó. Wọ́n ní kí Bassey kọ́kọ́ lọ bá Miguel Berrios, ọmọ Puerto Rico, jà ní Washington. Ó lọ, ó sì borí. Ó wá ku Cherif Hamia, ọmọ Algeria tó ń jà lábẹ́ àsíá ilẹ̀ Faransé. Paris ni wọ́n sì fi ìjà sí, níbi tí Hamia ti jẹ́ ọmọ onílé.

Ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 1957. Abala kejì ni Hamia ti gbá Bassey lulẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ìjà náà níbẹ̀ yóò rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kúkúrú náà dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú, ó ń gba abẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kọjá, ó ń lu ìkùn. Irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dùn ún wò, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kì í tilẹ̀ rí i dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń gé igi láti ìdí ni. Nígbà tó fi máa di abala kẹwàá, Hamia kò lágbára mọ́, rẹfirí sì dá ìjà dúró. Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni. Nàìjíríà kò tíì gba tirẹ̀, kò tilẹ̀ tíì ní àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti ní bẹ́líìtì àgbáyé. Láti ìgbà Battling Siki, ọmọ Senegal tó gba bẹ́líìtì ní Paris kan náà lọ́dún 1922, a kò gbọ́ irú rẹ̀ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà mọ́. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá Bassey lọ́lá.

Ó gbèjà bẹ́líìtì náà pẹ̀lú ìgboyà.  Oṣù kẹrin ọdún 1958, ó dá Ricardo Moreno, ọmọ Mexico, dùbúlẹ̀ ní abala kẹta ní Los Angeles. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó pàdé Willie Pep ní Boston, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti borí nínú ìjà tó lé ní igba, tó sì jẹ́ pé ìyókù àwọn akànṣẹ́ ń fi í kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀ṣẹ́. Abala kẹsàn-án ni Bassey dá a dúró. Ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ geere nìyẹn.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1959, ni Davey Moore já bẹ́líìtì gbà ní Los Angeles. Abala kẹtàlá ni Bassey parí, kò jáde fún ìkẹrìnlá. Wọ́n tún ìjà ṣe ní oṣù kẹjọ, ó sì rí bí a ṣe sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbi àpótí yẹn. Nínú iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àwọn òǹwòran kì í fẹ́ràn ẹni tó jókòó. Wọn yóò ní ojo ni, wọn yóò ní owó wọn ṣòfò. Àìmọye akànṣẹ́ ló ti tìtorí ìtìjú yìí dìde nígbà tó yẹ kí wọ́n jókòó. Ẹni tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Bassey, Davey Moore fúnra rẹ̀, dúró sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 21, oṣù kẹta, ọdún 1963, ó pàdé Sugar Ramos, ọmọ Cuba, ní Los Angeles kan náà. Ramos lù ú débi pé ó ṣubú, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì lu okùn agbo. Ó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìjà kó tó dákú lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kú. Ẹni ọdún 29 ni. Bẹ́líìtì tó ti wà ní ìbàdí Bassey, tó kọjá sí ti Moore, ló bọ́ sọ́wọ́ Ramos lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Rafiu King, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, gbìyànjú láti dá a padà wálé ní oṣù keje ọdún náà ní Mexico, Ramos sì lù ú lẹ́yìn abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, Hogan Bassey ti wà nílé. Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ìjọba tuntun náà sì ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ akànṣẹ́ tí wọ́n máa ń kó lọ sí ìdíje òkèèrè. Ta ni wọn ì bá tún wá kiri? Bassey di olùkọ́ àgbà fún àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni, kí ẹ sì má rò pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jà náà ló mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ìjà tí Bassey fi jẹun yàtọ̀ sí èyí tó wá ń kọ́ àwọn ọmọ. Abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ja ìjà bẹ́líìtì lásìkò tirẹ̀, èèyàn lè gba ìyà fún wákàtí kan gbáko kó tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀ níkẹyìn, bó ṣe gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ Hamia. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì àti irú rẹ̀, abala mẹ́ta péré ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá fi abala àkọ́kọ́ ṣòfò ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta ìjà tọrẹ. Kò sí àyè láti máa fi sùúrù gé igi láti ìdí. Àwọn adájọ́ jókòó yí ká, ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n bá rí kedere ni wọ́n ń kà, ẹ̀ṣẹ́ ìkùn tó jẹ́ ohun ìjà Bassey fúnra rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹni tó jókòó lókèèrè. Lọ́rọ̀ kan, olùkọ́ náà ní láti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó yàtọ̀ sí èyí tó sọ òun di ọ̀gá.

Òmíràn tún ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ìsọ̀rí mẹ́wàá ni wọ́n pín àwọn akànṣẹ́ sí ní Òlíńpíìkì ìgbà náà, láti ẹni tó kéré bí Bassey ṣe wà lọ́mọdé títí dé ẹni tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Olùkọ́ kan náà ni yóò mọ oúnjẹ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dín kù, omi tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ mu lóru ọjọ́ tí wọn yóò wọn ọ́n. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n díẹ̀ péré ré kọjá, ilé ni yóò padà sí láìjà, bó tilẹ̀ gun ọkọ̀ òfuurufú yí ayé ká kó tó débẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gba owó ìjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ kí wọ́n tó wá fo okùn nírọ̀lẹ́.

Bassey kò fi ìmọ̀ rẹ̀ mọ sí agbo ìdárayá. Ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ Nelson tẹ ìwé rẹ̀ tó pè ní Bassey on Boxing jáde, èyí tó fi ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn kan náà ni Dick Tiger, tó ti di ọ̀gá àgbáyé ní ìsọ̀rí middleweight, bá Gene Fullmer, ọmọ Amẹ́ríkà, jà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjà bẹ́líìtì àgbáyé yóò wáyé nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfríkà. Fullmer kò kọjá abala keje. Inú gbogbo Nàìjíríà dùn lọ́jọ́ náà, bí ó sì ti yẹ kó dùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin méjèèjì yìí hàn lẹ́yìn ọ̀la. Tiger dúró sẹ́nu ìjà títí di ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n máa gbúròó rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀dẹ̀ ló ń ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Àìsàn jẹjẹrẹ ló gbé e padà wá sí Aba, ó sì kú ní oṣù kejìlá ọdún 1971, ẹni ọdún 42.

Ohun tí iṣẹ́ Bassey bí kọ́kọ́ hàn ní Tokyo. Láti ọdún 1952 tí Nàìjíríà ti kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì ní Helsinki, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lọ tó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Oṣù kẹwàá ọdún 1964 ni ẹ̀ẹ̀kẹrin. Nínú àwọn akànṣẹ́ tí wọ́n kó lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Èkó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nojim Maiyegun, tí àwọn èèyàn ń pè ní Ọmọ Ọlọ́jà. Ìsọ̀rí light-middleweight ló wà, ó fi ẹ̀yìn àwọn tó kọ́kọ́ bá a jà balẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó dé ìjà àṣekágbá, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídẹ. Nínú gbogbo eré ìdárayá pátá, òun ni àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà. Kì í ṣe eré sísá ló mú un wá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí gbogbo ìlú ń pariwo rẹ̀. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní Munich lọ́dún 1972, Isaac Ikhouria, akànṣẹ́ light-heavyweight, tún gba onídẹ mìíràn. Tí ẹ bá ka gbogbo àmì ẹ̀yẹ tí Nàìjíríà ní ní Òlíńpíìkì títí di àkókò yẹn, méjèèjì yìí náà ni. Ẹ̀ṣẹ́ ló gba àwọn méjèèjì, àsìkò Hogan Bassey sì ni. Lọ́dún 1974, Eddie Ndukwu gba góòlù ní ìdíje àwọn ilẹ̀ Commonwealth ní Christchurch, ní ìsọ̀rí featherweight tí Bassey ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láyé.

Ọdún 1976 ni òṣèlú wọ̀ ọ́. Nítorí pé ilẹ̀ New Zealand rán ẹgbẹ́ rọ́gìbì rẹ̀ lọ bá àwọn òyìnbó amúnisìn ilẹ̀ South Africa ṣeré, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfríkà kó àwọn eléré ìdárayá wọn kúrò ní Montreal nígbà tí ìdíje fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà fún dára, kò sí ẹni tí yóò bú wọn. Ṣùgbọ́n akànṣẹ́ kì í dúró de ọdún mẹ́rin mìíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ pé lọ́dún 1976 ti lè sanra jù tàbí kó ti lọ wá owó níbòmíràn kó tó di ọdún 1980. Gbogbo ìdárayá ọdún mẹ́rin ni wọ́n dì sínú àpò padà wálé. Pé irúgbìn náà kò tíì kú, ọdún 1978 ló fi hàn, nígbà tí Davidson Andeh lọ sí Belgrade tó sì di ọ̀gá àgbáyé láàárín àwọn tí kì í jà gbowó, ní ìsọ̀rí lightweight.

Ohun kan wà tó máa ń dun olùkọ́ irú iṣẹ́ yìí, èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá ti mọ iṣẹ́ tán, kò ní í dúró. Bí owó ṣe lé Bassey kúrò l'Ékòó lọ́dún 1951, bẹ́ẹ̀ náà ló lé àwọn tó tẹ̀ lé e. Maiyegun lọ sí Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria láti lọ jà gbowó, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Ojú rẹ̀ fọ́ níbẹ̀ nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì gbé nínú òkùnkùn jìnnà sí ìlú tó gba onídẹ fún. Olùkọ́ nílé yóò tún mú ọmọ tuntun, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdúró, láti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, bí wọ́n ṣe ń fi àgbọ̀n pamọ́ sẹ́yìn èjìká.

Nàìjíríà fún Bassey ní oyè M.O.N., tó wá ní oyè ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó di àgbà nínú iṣẹ́ náà. Èkó tó dé lọ́mọdé ti di ohun mìíràn lójú rẹ̀: Ọ̀ṣòdì tó jẹ́ abúlé di ibi tí gbogbo ọkọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń pàdé, Ìsọlọ̀ kún fún ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá sì ti Ọ̀ṣòdì gba ẹ̀gbẹ́ Ìsọlọ̀ kọjá lọ sí èbúté Apapa. Ọ̀dọ́ pọ̀ ní àdúgbò gbogbo ju ti ayé rẹ̀ lọ fíìfíì. Agbo ìdárayá tí wọ́n ti lè kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ni kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìsọlọ̀ tó bá fẹ́ kọ́ ọ dáadáa ṣì ní láti wọkọ̀ lọ sí Rowe Park ní Yábàá tàbí pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè.

Bassey ṣì wà láyé nígbà tí Peter Konyegwachie gba fàdákà ní Los Angeles lọ́dún 1984, ní ìsọ̀rí featherweight yẹn kan náà, ní ìlú tí òun ti pàdánù bẹ́líìtì rẹ̀ ní ọdún 25 ṣáájú. Ó wà láyé nígbà tí David Izonritei àti Richard Igbineghu gba fàdákà méjì ní Barcelona lọ́dún 1992, àti nígbà tí Duncan Dokiwari gba onídẹ ní Atlanta lọ́dún 1996. Ọjọ́ 26, oṣù kìíní, ọdún 1998, ló kú, ẹni ọdún 65.

Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì láti ìgbà náà, láti Sydney lọ́dún 2000 títí dé Paris lọ́dún 2024. Kò sí akànṣẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú èyíkéyìí nínú wọn. Oṣù kẹjọ ọdún 2024 yẹn, tí ìdíje ti Paris wáyé, ni Nojim Maiyegun kú ní Vienna.